Ká Tún Ẹ́ńjìnnì Ṣe ni, àbí Ká Ra Tòkunbọ̀?

Wárántì ti tán, ẹ́ńjìnnì sì kú. Kí ni ká ṣe?

Bí wọ́n bá tú u níbí l'Óṣogbo, ojú yín ni wọ́n á ṣe yọ ríńgì (òrùka ara písítìnì) tó ti jẹ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í dúró sójú kan: lónìí gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń dí àárín irin méjì), lọ́la ẹ gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ fún àwọn tó ń lọ irin.

Tòkunbọ̀ yá ju ìyẹn lọ. Ẹ lè rà á ní Ìbàdàn, lọ́jà Aràrọ̀mí ní Agodi Gate. Àmọ́ ta ló mọ ohun tójú ẹ́ńjìnnì náà ti rí? Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, ó ṣeé ṣe kómi ti wọ ọ́. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ló wà nínú ìwé ọkọ̀, ẹ yí i sí ti èyí tẹ́ ẹ rà kí ọlọ́pàá tó béèrè.

Bó bá jẹ́ èéfín búlúù lásán, ìyẹn ọ́ìlì tó ń jó, tí mẹkáníìkì yín mọṣẹ́, ẹ tú u. Bí rọ́ọ̀dù (irin tó gbé písítìnì) bá ti lu ara ẹ́ńjìnnì já, tòkunbọ̀ ni, pàápàá fún onítakisí tí ọkọ̀ ń bọ́.