Tropius l'Ékòó: bí mo ṣe rí mímú ẹ̀ àti fífi í jà nínú Pokémon GO

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, tí kì í bá ṣe ti Tropius, ẹranko kan tá a máa ń mú nínú ẹ̀, ǹ bá ti yọ Pokémon GO kúrò lórí fóònù mi tipẹ́. Géèmù yìí ti wà níta láti 2016, ọ̀fẹ́ lẹ máa gbé e sórí fóònù, ọ̀nà tẹ́ ẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn gan-an ló máa hàn nínú ẹ̀, ẹranko á kàn yọ sí yín, ẹ óò sọ bọ́ọ̀lù lù ú, tó bá wọnú ẹ̀ tí ò já jáde, ó ti di tiyín nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹranko yẹn, gbogbo ayé ló ń rí wọn mú. Tropius ò sí nínú ìyẹn. Áfíríkà ló ti ń jáde, pẹ̀lú àwọn ibì kan tó múlé gbè wá, ẹni tó wà ní London lè rìn títí bàtà ẹ̀ á fi lu, kò ní déédéé pàdé ẹ̀ lójú títì. Ẹ wá wo àwa. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ló ti ń yọ sí mi ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni èso tó so mọ́ ọn lọ́rùn yẹn jọ, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ṣá.

Mímú ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí ọwọ́ ló gbà, kò gba owó. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ óò rí róbótó kan lára ẹ̀ tó ń kéré tó tún ń tóbi. Àwọ̀ róbótó yẹn ló ń sọ bó ṣe máa le tó: àwọ̀ ewé, ó rọrùn, yẹ́lò àti ọ́rẹ́ńjì, ẹ múra, tó bá ti pupa, ẹ gbàgbé Poké Ball lásán, Ultra Ball tó lágbára jù ú lọ ni kẹ́ ẹ mú. Ohun tí mo rí i táwọn èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n kàn ń jù ú wàràwàrà, bọ́ọ̀lù á tán, wọ́n á máa bínú. Ẹ di bọ́ọ̀lù mú, ẹ jẹ́ kí róbótó yẹn kéré dé ibi tó wù yín, ẹ wá fi sílẹ̀ láì jù ú, ẹ dúró. Ibi tẹ́ ẹ fi sí ló máa wà. Ẹranko yẹn á wá fẹ́ ta yín, ẹ má jù ú nígbà yẹn o, á gbá a dànù ni, àmọ́ bó ṣe ń parí báyìí, ẹ yí bọ́ọ̀lù yẹn lójú fóònù kẹ́ ẹ jù ú kó yí kọ́rọ́ lọ. Tó bá bọ́ sáàárín róbótó tó ti kéré gan-an, "Excellent" ló máa kọ jáde, àǹfààní yín á sì pọ̀ sí i, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti fún un ní Razz Berry, èso tó ń jẹ́ kó rọrùn láti mú, jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn bọ́ọ̀lù á máa mì, àyà mi ṣì máa ń já títí dòní tó bá ti mì lẹ́ẹ̀kejì. Èmi o, tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, èso Pinap ni mo máa ń fún un, torí ìlọ́po méjì ni candy, ohun tẹ́ ẹ fi ń mú ẹranko lágbára sí i, tẹ́ ẹ máa rí gbà. Oòrùn Èkó náà tún ń ṣiṣẹ́ fún wa: ẹranko ewé ni Tropius, tójú ọjọ́ inú géèmù bá ti jẹ́ oòrùn, agbára ẹ̀ máa ń ga, stardust (ó dà bí owó inú géèmù) tẹ́ ẹ máa rí á di 125 dípò 100.

Ní Mẹ́ńlándì, Yábàá dáa nírọ̀lẹ́, ẹ ṣáà má gbójú lé fóònù kí kẹ̀kẹ́ má lọ gbá yín. Island lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ má dán an wò, Ìdúmọ̀tà kì í ṣe ibi téèyàn ti ń na fóònù sókè. Àárọ̀ Sunday ni mo máa ń lọ, Balógun ti pa, ojú títì ṣófo, mo máa gba Marina bọ́ sí Broad Street títí dé Freedom Park tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà òyìnbó. Ìyá kan tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ dúró ń wò mí níbẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta lò ń yà ní fọ́tò?" Mo ní, "Màámi, ẹranko ni mò ń mú." Mo yí fóònù sí wọn, wọ́n wò ó, wọ́n ní "Jésù ṣàánú," wọ́n bá tiwọn lọ.

Nínú dánfó, tí géèmù bá rí i pé ẹ̀ ń sáré, á bi yín bóyá èrò ọkọ̀ ni yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tó ti dùn ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí Third Mainland, ọkọ̀ á máa wọ́ bí ìgbín, géèmù á rò pé ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn, kìlómítà á máa wọlé fún ẹyin tó wà nínú incubator yín, ìyẹn ohun tó ń pa ẹyin ẹranko. Oore kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé sún-kẹrẹ Èkó ṣe fún mi nìyẹn.

Ó wá ku ìjà. Mi ò sọ ti raid o, níbi téèyàn púpọ̀ ti ń pawọ́ pọ̀ bá ẹranko ńlá kan jà, Tropius ò wúlò níbẹ̀. Great League ni mò ń wí, níbi tí CP ẹranko, ìyẹn agbára ìjà ẹ̀, ò ti gbọdọ̀ ju 1500 lọ, ẹranko mẹ́ta mẹ́ta, ààbò tó ń dí ìkọlù méjì méjì. Air Slash ni mo fi ń ta á wẹ́wẹ́, tí agbára bá ti kún, Leaf Blade. Leaf Blade yìí ń tètè kún, kíá lẹ óò rí i tí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jà ti lo ààbò méjèèjì tán. Ọjọ́ tí ẹni yẹn bá gbé Swampert jáde ni mo máa ń gbádùn jù, ẹranko omi àti ilẹ̀ ni, ewé sì ń fìyà jẹ méjèèjì, tí Leaf Blade kan bá bà á báyìí kì í kù nǹkan púpọ̀. Àmọ́ yìnyín ni ikú Tropius, torí ewé ni, ó sì tún ń fò. Ewé ò gbà á, ohun tó ń fò ò gbà á, ìyà méjì ló pa pọ̀ sí i lára. Tí Ninetales ti Alola, ẹranko yìnyín, bá jáde, ẹ sáré pààrọ̀. Azumarill, ẹranko omi, náà, tó yẹ ká kàn jẹ tán, ẹ ṣọ́ ọ, àwọn kan máa ń gbé Ice Beam, ìkọlù yìnyín, sí i lára. Ohun tó ń bayé ìjà jẹ́ fún mi ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, lọ́sàn-án màá tẹ fóònù títí, ẹranko mi á kàn dúró máa gba ìyà, àfi lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fún ìjà ní mẹ́ta nínú márùn-ún, mímú mẹ́rin ààbọ̀.

Báàtìrì? Ó ń jẹ ẹ́ gan-an. Ẹ pa AR, èyí tó ń lo kámẹ́rà fóònù, ẹ gbé pówá báǹkì dání.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èèyàn lókè òkun, ẹ tètè di ọ̀rẹ́ nínú géèmù kí wọ́n tó wálé, ẹ máa fi gift ránṣẹ́ síra yín. Tí wọn ò bá ní Tropius tẹ́lẹ̀, 20,000 stardust ni pàṣípààrọ̀ ẹ̀ máa gbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra, tẹ́ ẹ bá ti dé Best Friend, ipele ọ̀rẹ́ tó ga gan-an, 800 péré. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, 100 mítà. Ọmọ àǹtí mi kan wá ṣe Kérésì, látọjọ́ tó ti balẹ̀ ló ti ń pè mí, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun, ẹyọ kan péré." Láti Lẹ́kkí ló ti wá bá mi ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, mo sì gbé e fún un. Heracross, ẹranko míì, ni mo ń wá báyìí, apá Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ń jáde, ẹni tó bá ní i tó ń gba Yábàá kọjá, Tropius wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe é.