Àfòpiná aláràn-án: bróòṣì tó yẹ kí ẹ̀yin tó mọyì iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rí

Aránṣọ ni mí ní Peckham, nítorí náà ẹ̀yìn iṣẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ yí wò. Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn nígbà tí mo mú bróòṣì àfòpiná yìí, ohun ọ̀ṣọ́ tí a ń fi píìnì so mọ́ aṣọ, lórí àtẹ obìnrin kan tó ń fi aṣọ ṣe ohun ọ̀ṣọ́, ní ọjà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Kò sí òwú tó já sílẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù. Aṣọ dúdú kékeré kan ló fi bo gbogbo ojú kókó, ó sì fi ọwọ́ rán etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé mo ní láti gbé e súnmọ́ iná kí n tó rí ojú abẹ́rẹ́.

Àwọn nǹkan tí à ń rí nínú àpótí gíláàsì mùsíọ́mù ló ń fi aṣọ ṣe: ẹyin ẹyẹ tó ní àmì tótòtó, ìkarahun òkun, olú lábẹ́ ìgò. Àwọn olú náà dára, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni wọ́n máa wà. Àfòpiná yìí, ara ènìyàn ló ń gbé.

Èyí tó ní àmì agbárí òkú lẹ́yìn ni, Acherontia atropos. Ilẹ̀ Áfíríkà náà ni ilé rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń fò dé Yúróòpù. Inú ilé oyin ló máa ń wọ̀ lọ jí oyin mu. Bí ẹ bá sì mú un, á ké fín-ín bí eku. Ibi tí obìnrin yìí ti gbà mí lọ́kàn nìyí: ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà ni ìbá fún un ní ọ̀pá ẹnu tó gùn tó sì ká róbótó, nítorí ẹwà. Òun ṣe é ní kúkúrú, ó ki, bó ṣe rí gan-an lára kòkòrò tó ń fi ẹnu lu afárá oyin. Àrán dúdú ló fi ṣe ìyẹ́ iwájú, síliki àwọ̀ ìyeyè ló fi ṣe ti ẹ̀yìn, ó sì fi òwú dúdú fa ìlà méjì sí i. Agbárí yẹn kì í ṣe ọ̀dà. Abẹ́rẹ́ ló fi gbé e jáde, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà, ní 1865, Harry Emanuel, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ kan, gbàwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba láti máa fi orí ẹyẹ hummingbird gidi, ẹyẹ kékeré tí ìyẹ́ rẹ̀ ń dán, ṣe ohun ọ̀ṣọ́ nínú góòlù àti fàdákà. Ẹ̀gbà ọrùn irú rẹ̀ kan ń bẹ ní British Museum. Orí ẹyẹ tó ti kú, lọ́rùn obìnrin! Ẹni tó bá lè fi òwú àti sùúrù mú ẹ̀dá jáde báyìí, èmi á náwó fún un tayọ̀tayọ̀.

Orí ìborùn sányán ni mo fi tèmi sí lọ síbi ìgbéyàwó, ó sì bá a mu, torí láti inú ìtẹ́ tí àwọn ọmọ àfòpiná Anaphe jọ hun la ti ń rí òwú sányán. Ìyá àgbà kan na ọwọ́ sí mi pé, “Ọmọ mi, àfòpiná bà lé ọ léjìká o.” Ó fọwọ́ kàn án tán kó tó gbà pé aṣọ ni.

Píìnì rẹ̀ nìkan ni mo bá a wí sí. Ó tín-ín-rín ju ohun tó gbé lọ. Lórí aṣọ òkè, ó dúró. Lórí léèsì, ńṣe ló ń doríkodò, ó sì ń fa aṣọ. Ẹ má sì gbé e jáde nínú òjò, àrán kò fẹ́ omi. £95 ni mo rà á. Bí ẹ bá fẹ́ fi sórí gèlè, ẹ ní kó fi píìnì méjì sí i kó tó dì í fún yín. Ó ní òun ò ní gbowó kún un.