Ẹ ṣọ́ra fún alùpùpù oníbátìrì tí wọ́n fi fóònù sọ di alágbára!

Ẹ̀yin ará Kétu, Pobẹ̀, Àjàṣẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ariwo eré sísá gba owó yín. Wọ́n ti gba tèmi. 700.000 sefa! Owó àjọ ni, owó tí ìyàwó mi rò pé a ó fi kan páànù ilé.

Ẹ má pè mí ní ọ̀dọ́ tó ń wá fàájì o. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, ẹni tó ń ra kpayo, epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, ló mọ ohun tójú ń rí. Àgbàdo ni mo ń kó wọ̀lú láti oko. Mo ní n ó fi bátìrì bọ́ lọ́wọ́ oníkpayo. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Ọkùnrin tó tà á fún mi ní Àjàṣẹ́, ẹnu ẹ̀ dùn bí nǹkan míì. "Ẹ̀gbọ́n, èyí lè gbé màálù." Ó yọ fóònù, ó so ó mọ́ alùpùpù, ó fi àtàǹpàkò ti nọ́ńbà ámpìà, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, láti 40 lọ sí 80, lójú mi báyìí. Mo gùn ún lórí títì ọ̀dà láàárọ̀ kùtù, èmi nìkan, láìsí ẹrù. Ó gbé mi fò! Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń ka owó. Òmùgọ̀! Àmọ́ ẹ sòótọ́, ta ni nínú yín tí kò ní rẹ́rìn-ín?

Nọ́ńbà orí fóònù ló yí padà, ohun tó wà nínú kọ̀ntírólà, àpótí kékeré tó ń pín iná bátìrì fún ẹ́ńjìnnì, ò yí padà. Bátìrì fóltì 72 ni (fóltì ni agbára tó ń ti iná): ní ámpìà 40, ó ń fún wa ní wáàtì 2.880, ní 80, ó di 5.760. Agbára di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ooru di ìlọ́po mẹ́rin! Wọ́n sì tún fi ike bo àpótí kékeré yẹn lábẹ́ àga, níbi tí atẹ́gùn ò dé. Olè!

Ọ̀nà oko ló ti tú àṣírí. Àpò àgbàdo méjì lẹ́yìn, yanrìn nísàlẹ̀, táyà ń rá pálá. Mo ń wo nọ́ńbà ámpìà níwájú mi, ó kéré, ọkàn mi balẹ̀. Irọ́ ni! Èyí tó ń jáde nínú bátìrì nìkan nìyẹn ń kà. Bí wíìlì ò bá yí kíákíá tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ níná, èyí tó ń gba inú kọ̀ntírólà lọ sẹ́ńjìnnì lè jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, mẹ́ta. Òórùn ike jíjó ló kọ́kọ́ dé, ká tó wí, pàù! Mo sọ̀ kalẹ̀ láti tì í, kò lọ. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo tú bátìrì, síbẹ̀ wíìlì ń di ara ẹ̀ mú gìdì-gìdì, bí ẹni pé ẹnìkan tẹ bíréèkì. Bí mo ṣe tì í wọ̀lú nìyẹn, tí àwọn ọmọ kékeré ń kí mi kú iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n tú kọ̀ntírólà, àwọn tiransísítọ̀, àwọn nǹkan kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á, ti bẹ́ nínú, wọ́n ti fi sáńpépà ha nọ́ńbà ara wọn. Gírísì tó yẹ kó gbé ooru wọn lọ sára alumíníọ̀mù, kò sí ẹ̀kán kan. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ síta ní 80. Ta ló tẹ ìwé yẹn? Mo pe ọkùnrin tó tà á fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹrù yín ló pọ̀ jù, garantí ò kan kọ̀ntírólà." Àpò méjì! Àbí màálù tiẹ̀ ò wúwo ni?

Ẹ gbé ẹrù sí i kẹ́ ẹ tó sanwó, ọ̀sán gangan, kẹ́ ẹ wọ yanrìn. Ẹ fọwọ́ kan kọ̀ntírólà. Bọ́wọ́ ò bá lè dúró lórí ẹ̀, ẹ bẹ́sẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Ẹ pa iná, ẹ gbé wíìlì sókè, ẹ fọwọ́ yí i: bó bá ń dì, ó ti jó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní ámpìà ni yóò jẹ́ kó sáré jù, irọ́ ló ń pa tàbí kò mọṣẹ́: fóltì ló ń pinnu eré.

Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ẹ má dá mi lóhùn. Mo dé ọjà Wàndó láti ra òmíràn, ẹni tó ń tà á bi mí: "80 ni àbí 100?" Mo ní 40 tó jẹ́ 40 lóòótọ́ ni mo fẹ́. Ó ní òun ò ní irú ẹ̀.