Àpò PICS fún ẹ̀wà: èmi tí mo lò ó nígbà òjò rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá àpò PICS, àpò ọlọ́ràá tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, tó owó tí wọ́n ń tà á: ó tó o, bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ẹ̀wà pamọ́ di ìgbà tó bá wọ́n. Bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ó máa tú u láti wọ̀n tà, ẹ fowó yín sápò.

Bódìjà ni mo ti ń ta ẹ̀wà olóyin. Gbígbẹ ló ń ti Òkè Ọya dé. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni ọ̀rinrin wà. Tí òjò bá sì ti wọlé, ara kòkòrò ẹ̀wà á yá gágá. Abo rẹ̀ á lẹ ẹyin mọ́ èèpo ẹ̀wà, ẹ ó máa rí i tó funfun tín-ń-tín. Ìdin á gbẹ́ ara ẹ̀wà wọlé, á máa jẹ ẹ́ látinú. Nínú ooru tiwa yìí, bí oṣù kan báyìí ló fi ń dàgbà, á wá lu ihò róbótó jáde. Èyí tó jáde yẹn kì í jẹ ẹ̀wà mọ́, ibi tí yóò yé sí ló ń wá kiri.

Ọ̀rá nínípọn méjì ló wà nínú àpò náà, àpò híhun wà lóde. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá, ẹ ká a, ẹ dì í pinpin, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà tó ṣe é rí i pé òùngbẹ ló ń pa kòkòrò náà. Ẹ̀wà gbígbẹ ò lómi tó. Oúnjẹ àti ọ́síjìn ni ara kòkòrò náà fi ń pèsè omi. Ọ́síjìn tán nínú ọ̀rá, omi tán nìyẹn!

Àpò náà kì í mú nǹkan gbẹ o. Ẹ di ẹ̀wà tútù sínú rẹ̀, á bu mọ́ yín lọ́wọ́. Iyọ̀ gbígbẹ ni mo fi ń dán an wò: mà á da díẹ̀ mọ́ ẹ̀wà nínú ìgò tó gbẹ, mà á mì í, mà á fi sílẹ̀ díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ̀wà padà sóòrùn nìyẹn.

Ẹnì kan ta àpò tí ọ̀rá rẹ̀ ti lu fún mi, ó lóun ò gbà á padà. Ẹ gbé ọ̀rá sójú oòrùn wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Síbẹ̀, mo fẹ́ àpò PICS ju otapíápíá táwọn kan ń da sẹ́wà lọ, nítorí inú ìkòkò oníbàárà ni ẹ̀wà náà ń lọ. Eku nìkan lẹ ó máa ṣọ́: ẹ gbé e sórí pákó, kó jìnnà sógiri.