Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́ǹsì "tuntun" tí ẹlòmíràn ti dá padà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kówó jọ láti ra lẹ́ǹsì kámẹ́rà, ẹ gbọ́ o. Àwọn ọlọ́jà kan wà tó jẹ́ pé bí oníbàárà bá dá lẹ́ǹsì padà nítorí àléébù, wọ́n á nù ún, wọ́n á kó o padà sínú páálí, wọ́n á sì tà á fún ẹlòmíràn ní iye owó tuntun. Àléébù náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kàn ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ kò ní tó o ni.

Ohun tó ń bá wọn ṣe é ni pé ọ̀pọ̀ wa gbà pé ohun tó bá ti ilé iṣẹ́ wá kò lè lábùkù. Irọ́ ni! Lẹ́ǹsì zoom kan (èyí tó lè fa nǹkan súnmọ́ tàbí kó tì í jìnnà) lè ní gíláàsì tó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nínú. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú ìlà, tàbí tó dagun, apá kan àwòrán á mú ketekete, apá kejì á sì rí bàìbàì. Orúkọ ńlá kò ní kó má ṣẹlẹ̀. Ní 2005, ilé iṣẹ́ kámẹ́rà Canon fúnra wọn gbà pé àwọn lẹ́ǹsì EF 24-105mm f/4L tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ba àwòrán jẹ́, wọ́n sì tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé. Ẹ má ya ògiri. Bí kámẹ́rà kò bá kojú ògiri gan-an, ẹ ó máa fẹ̀sùn kan lẹ́ǹsì tí kò ṣẹ̀. Ẹ wá ohun kan tó jìnnà réré, bí igi tàbí ilé gíga. Ẹ gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ṣí ihò lẹ́ǹsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé dé ibi tó fẹ̀ jù, ẹ pa ohun tó ń dín gbígbọ̀n kù, ẹ sì jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yà lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 2. Ẹ fi nǹkan náà sí àárín, ẹ fókọ́ọ̀sì kó mú ketekete, ẹ wá yí fókọ́ọ̀sì náà sí àfọwọ́ṣe kó má baà yí padà mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yí kámẹ́rà kí nǹkan kan náà yẹn bọ́ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yà á níbẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n wéra.

Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá rọ̀ (tí wọn kò mú ketekete) bákan náà, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ó bá jẹ́ igun kan tàbí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló rọ̀, ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ǹsì mìíràn dán kámẹ́rà yẹn wò, torí nígbà mìíràn kámẹ́rà gan-an ló ń dá a sílẹ̀. Ti zoom, ẹ dán an wò níbi tó fẹ̀ jù, láàárín, àti níbi tó fa nǹkan súnmọ́ jù. Ẹ má sì gbà fún ọlọ́jà tó bá ní kí ẹ yà á ní f/8, ìyẹn kí ẹ dín ihò lẹ́ǹsì kù: ihò kékeré máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀.

Eruku bíńtín nínú lẹ́ǹsì kì í ṣe ẹjọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn nínú àwòrán rárá.

Kí ẹ tó dán an wò rárá, ẹ wo irin ẹ̀yìn rẹ̀ tó máa ń wọnú kámẹ́rà. Bí ó bá ti ha gan-an, ẹnìkan ti ń lò ó nìyẹn. Ẹ wo ojú gíláàsì ẹ̀yìn bóyá ìka ti fọwọ́ kàn án. Ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara lẹ́ǹsì wé ti ara páálí. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ kúrò níbẹ̀.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bèèrè iye ọjọ́ tí ẹ ní láti dá a padà, ẹni tó máa sanwó ìfiránṣẹ́, àti bóyá owó ni wọ́n máa dá padà tàbí lẹ́ǹsì mìíràn. Ẹ gba èsì náà ní kíkọ. Ọlọ́jà oníwàyó á ní ọwọ́ yín ló gbọ̀n. Àwòrán igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀. Bí ó bá sì ní òun á pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ti kọ nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, kó má lọ jẹ́ èyí tí ẹ dá padà náà ló tún fi ránṣẹ́ sí yín nínú páálí mìíràn.