Kaweco Sport àti Esterbrook Estie: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ sí Kó Gègé Onítàdáwà Jọ

Àwọn tó máa ń rí gègé lọ́wọ́ mi ní Alágbàkà, níbi tí mo ti ń bá ìwé ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, sábà máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: èwo ni kí àwọn kọ́kọ́ rà? Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé kò sí ìsọ̀ kan tí mo mọ̀ ní Àkúrẹ́ tí ènìyàn ti lè gbé àwọn gègé wọ̀nyí sọ́wọ́ wò kí ó tó sanwó. Òkèèrè ni a ti ń rà wọ́n, ẹni tó bá sì ra èyí tí kò bá ọwọ́ rẹ̀ mu, àfi kí ó fara mọ́ ọn.

Gègé méjì ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Méjèèjì wá láti ilé iṣẹ́ àtijọ́ tó ti kógbá wọlé rí, tí àwọn ẹlòmíràn sì ra orúkọ rẹ̀ láti jí i dìde. Kaweco bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Heidelberg ní Jámánì ní ọdún 1883, ó sì gbé Sport àkọ́kọ́ jáde ní 1911. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni ilé iṣẹ́ kan ní Nuremberg dá a padà sọ́jà. Ní ti Esterbrook, Richard Esterbrook ló dá a sílẹ̀ ní 1858, Camden ní ìpínlẹ̀ New Jersey ni ó fìdí kalẹ̀ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó ti ilẹ̀kùn ní nǹkan bí ọdún 1971. Ilé iṣẹ́ Kenro ní New York ló gba orúkọ náà ní 2018, Estie sì ni gègé tí wọ́n fi mú un padà bọ̀ sípò. Ìtàn yìí kan ẹni tó ń rà, nítorí pé Kaweco tẹ̀ lé àwòrán Sport àtijọ́ tìṣọ́ratìṣọ́ra, nígbà tí Estie jẹ́ gègé tuntun tó jọ àwọn baba rẹ̀, tó sì ní ọ̀nà kan tí a fi lè so ó mọ́ wọn, èyí tí n ó ṣàlàyé níwájú.

Bí wọ́n ṣe rí lọ́wọ́

Sport kúrú púpọ̀. Nígbà tí ìdérí rẹ̀ bá wà lórí, kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10.5 lọ, kò sì sí bí àgbàlagbà yóò ṣe fi kọ̀wé pẹ̀lú ìrọ̀rùn láìjẹ́ pé ó ki ìdérí náà bọ ìdí rẹ̀. Nígbà náà ni yóò tó bíi 13. Ojú mẹ́jọ ni ìdérí náà ní, nítorí bẹ́ẹ̀ kì í yí bọ́ sílẹ̀ láti orí tábìlì. Kì í ní ìkọ́ àpò, ọ̀tọ̀ ni a ti ń ra ìyẹn, ṣùgbọ́n èyí kò dùn mí rárá, nítorí pé inú àpò bùbá ni tèmi máa ń sùn sí, kò sì ní yọrí síta.

Ike, alumíníọ̀mù àti idẹ ni wọ́n fi ń ṣe é. Oníke kò ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ, ti alumíníọ̀mù tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ti idẹ sì ju 40 lọ. Ẹni tó ti fi báírò kọ̀wé láti kékeré máa ń te gègé mọ́ ìwé. Ìwúwo idẹ á ràn án lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú èyí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ojú ìwé mẹ́ta, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí ro ó. Nínú ooru wa, òórùn idẹ a máa lẹ̀ mọ́ ìka, gègé náà fúnra rẹ̀ a sì máa ṣú. Mo fẹ́ràn bí tèmi ṣe ṣú, mi ò sì ní dán an láé.

Estie gùn, ó sanra, kò nílò kí a ki ìdérí bọ ìdí rẹ̀, ó sì ní ìkọ́. Àwọ̀ ike rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé, bí a bá gbé e sójú oòrùn, ó dà bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀.

Ìdérí àti ọyẹ́

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń rà fara balẹ̀ sí jù lọ nìyí. Nígbà ọyẹ́, tàdáwà tó wà lẹ́nu gègé wà lára ohun tó kọ́kọ́ ń gbẹ. Àwọn tó ṣe Estie fi ìdérí kékeré mìíràn sínú ìdérí ńlá, wọ́n sì fi spíríìngì tì í lẹ́yìn. Bí a bá ń lọ́ ọ pa, ó máa ń ta kò wá díẹ̀. Ìdérí inú ló ń dì mọ́ ọrùn gègé nígbà náà, tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé. Ní oṣù kìíní kan báyìí, mo fi tèmi sílẹ̀ nínú dùrọ́ọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí mo padà dé, ọjọ́ oṣù ni mo kọ́kọ́ kọ, nọ́ńbà àkọ́kọ́ sì jáde ketekete. Lílọ́ ni ìdérí Sport náà, ṣùgbọ́n kò ní spíríìngì yìí. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ kò ní mọ ìyàtọ̀; ẹni tó ní gègé mẹ́wàá, tó ń lò wọ́n ní méjì méjì, ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tàdáwà

Káátíríìjì kúkúrú, ìyẹn ike kékeré tí tàdáwà wà nínú rẹ̀, ni Sport ń lò, èyí tí kò gbà ju nǹkan bíi mìlílítà 0.8 lọ, kò sì rọrùn láti rí rà ní Àkúrẹ́. Estie ní kọnfátà, ìyẹn ohun tí a fi ń fa tàdáwà láti inú ìgò. Ṣùgbọ́n Sport oníke ní ọgbọ́n kan tí kò sí lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ onírin: a lè da tàdáwà sínú ọ̀pá rẹ̀ tààrà. Ẹ ra sírínjì kan ní kẹ́míìsì, ẹ fi gíríìsì sílíkóònù díẹ̀ pa ojú ibi tí a ti ń lọ́ ọ, ẹ rọ tàdáwà sínú ọ̀pá, kí ẹ sì lọ́ ọ pa dáadáa. Ẹ ó kọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí tàdáwà náà bá ti lọ sí ìdajì, kí ẹ tètè rọ òmíràn sí i, nítorí pé ooru ọwọ́ máa ń mú kí afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá fẹ̀, á sì ti ẹ̀kán tàdáwà jáde sórí ìwé. Ẹ má ṣe dán irú èyí wò pẹ̀lú idẹ tàbí alumíníọ̀mù, tàdáwà á jẹ wọ́n.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rọ tàdáwà òǹtẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba sínú èyíkéyìí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má lo tàdáwà àwọn ayàwòrán. Méjèèjì yóò dí ọ̀nà tí tàdáwà ń gbà dé ẹnu gègé, ó sì lè má là mọ́.

Ẹnu gègé

Irin tí kì í dógùn-ún ni ẹnu méjèèjì. Ti Sport kéré, ó sì wà láti tín-ín-rín jù lọ, tí wọ́n ń fi EF sàmì sí, títí dé BB tó fẹ̀. Ti Estie tóbi, ilé iṣẹ́ JoWo ní Jámánì ló ń ṣe é, a sì lè lọ́ ọ yọ kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bébà ìwé táwọn ọmọléèwé ń lò níhìn-ín máa ń mu tàdáwà, nítorí náà F, ìyẹn tín-ín-rín, ni mo máa ń sọ fún ènìyàn pé kó rà, yálà Sport ni tàbí Estie; M, tó fẹ̀ ju F lọ díẹ̀, á ràn lórí rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo ní n ó ṣàlàyé ni ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní MV, tí a ń rà lọ́tọ̀. Òun ni ó ń jẹ́ kí Estie gba ẹnu Renew-Point, èyí tí Esterbrook àtijọ́ ń ṣe. Ẹnu tí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà ẹnìkan fi kọ lẹ́tà lè tún máa kọ̀wé lára gègé tuntun. Fún ẹni tó ń kó gègé jọ, mi ò mọ ohun tó dùn tó èyí.

Ní ti owó, iye Estie kan lè ra Sport oníke mẹ́rin, kí ṣéńjì sì tún kù. Nítorí náà, Sport oníke ẹlẹ́nu F ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá lò ó fún oṣù mẹ́ta tí ọkàn yín kò kúrò níbẹ̀, Estie ló kàn, kí ti idẹ sì wá lẹ́yìn wọn. Conklin, tó bẹ̀rẹ̀ ní Toledo ní 1898, tí àwọn náà ti jí dìde, ní gègé tó ní òṣùpá irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń fa tàdáwà. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gègé àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá dé orí ẹnu Renew-Point, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9 ní irin líle ní ṣóńṣó rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 tàbí 2, bíi 2668, irin kan náà ni wọ́n ká ní ṣóńṣó, ó sì ṣeé ṣe kí ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti jẹ ẹ́ sápá kan.