Òróró àlòkù nínú ọkọ̀ dísẹ́lì: táǹkì méjì àbí báyódísẹ́lì?

Òróró tí a ti fi dín nǹkan ki ju dísẹ́lì lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó fi táǹkì kejì sí ọkọ̀ fún òróró ń fi omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì mú òróró náà gbóná tó bí 70°C. Dísẹ́lì ló máa fi ṣíná, òun náà ló máa fi ṣan páìpù kó tó paná. Bó bá gbàgbé pẹ́nrẹ́n, òróró á dì síbẹ̀ nígbà òtútù.

Ní ti báyódísẹ́lì, ìyẹn epo bíi dísẹ́lì tí a fi òróró ṣe, mẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kẹ́míkà kan) àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ (caustic soda) la ń pò mọ́ òróró, gilisẹ́rìn á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ ò nílò àtúnṣe púpọ̀, àmọ́ májèlé ni mẹ́tánọ́ọ̀lù, ó sì ń tètè gbiná.

Táǹkì méjì ni mo fara mọ́ fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ti ìgbàlódé oní common rail (páìpù kan ṣoṣo tó ń fi agbára ńlá pín epo sínú ẹ́ńjìnnì), ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.